Ọgbà Tí Ìyá Ahmad Kò Jẹ́ Kí A Gbá

Ohun méjì ni gbogbo àdúgbò wa ní Ẹdẹ fi mọ Kafilat, Ìyá Ahmad. Èkíní ni ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀, èkejì ni ìgbálẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti fi ń lọ ata àti ẹ̀wà fún wa, síbẹ̀ ẹ ò ní rí èèpo ata kan ṣoṣo nílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ike ata dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ yín ni yóò kọ́kọ́ wò kó tó wo ojú yín. Èmi alára, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí mo fi ọgbọ̀n ọdún lé àwọn ọmọ kéékèèké kiri pé kí wọ́n gé èékánná, Ìyá Ahmad ti dá mi padà lẹ́nu ọ̀nà rí pé kí n lọ fọ ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ mi. Inú bí mi gan-an, mo sì lọ fọ̀ ọ́.

Ìyá tó bí i ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Lójú ìyá náà, obìnrin tó bá jí tí kò tíì gbálẹ̀, kò tíì jí. Kafilat gbé ìwà yìí wọlé ọkọ, ó sì fi í gba orúkọ rere ní agbo ilé wọn, débi pé bí wọ́n bá ń bá ọmọbìnrin ilé wí, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ohun tó níyì lójú rẹ̀ tó orúkọ yẹn.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ etí rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ sọ. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ rí yóò rò pé ariwo lásán ni ẹ̀rọ ń pa. Irọ́ ni. Ìyá Ahmad kì í fọwọ́ kan ẹ̀wà kó tó mọ̀ bóyá ó ti kúnná. Yóò kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ, yóò máa bá oníbàárà ṣàwàdà, lójijì yóò ní, "Omi ti ń tán nínú ẹ̀," yóò sì yí padà bu omi sí i. Ó mọ ohùn ẹ̀wà àkàrà yàtọ̀ sí ti ẹ̀wà mọ́ínmọ́ín. Ó mọ ìgbà tí irin inú ẹ̀rọ bá ti jẹ tó yẹ kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ó máa ń sọ fún mi pé ohùn tó burú jù lọ ni ti ẹ̀rọ tó ń yí lófo, tí kò sí ata, tí kò sí ẹ̀wà nínú rẹ̀, nítorí irin á wá máa jẹ irin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni.

Teslim ọkọ rẹ̀ jẹ́ télọ̀. Iwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ yẹn náà ló ti ń ránṣọ, bí ẹ̀rọ tirẹ̀ ti ń ṣe kẹ́kẹ́kẹ́ ni ti ìyàwó rẹ̀ ń bú ramúramù, wọ́n á sì máa pariwo bá ara wọn sọ̀rọ̀ láàárín rẹ̀ bí ẹni tó ń jà. Àìsàn ọjọ́ mẹ́ta ló mú un lọ. Kò sí ẹni tó múra sílẹ̀ fún un.

Láti ìgbà náà ni oorun ti dá lójú Kafilat. Ó ní bí òun bá pa ẹ̀rọ tán ní ìrọ̀lẹ́, orí òun kò ní pa tirẹ̀. Ẹ̀rọ yóò máa yí nínú etí òun títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kanra mọ́ gbogbo ènìyàn. Bí ọkadà bá fun fèrè lójú títì, ara rẹ̀ á gbọ̀n. Ní ọjọ́ kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣẹlẹ̀: ó da ata ẹnìkan mọ́ ẹ̀wà ẹlòmíràn. Ó wo inú ike náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sì bú sẹ́kún níwájú gbogbo wa.

Ruth ló ni ẹ̀wà náà. Nọ́ọ̀sì ni Ruth, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wá yá ilé ládùúgbò wa nítorí iṣẹ́ rẹ̀. Kò béèrè ẹ̀wà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní, "Màmá, ìgbà wo lẹ ti sùn gbẹ̀yìn?" Lọ́jọ́ kejì ó mú un lọ rí dókítà. Wọ́n wo etí rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kó máa fi òwú dí etí bó bá ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ní kó máa padà wá kí wọ́n lè jọ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé, Ruth fi tirẹ̀ kún un.

"Màmá, ẹ wá ibi tí ẹ ò ti ní gbọ́ ẹ̀rọ kankan. Kẹ́ ẹ máa jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan lójoojúmọ́. Ẹ má mú fóònù dání o."

"Kí n jókòó kí n máa ṣe kí ni?"

"Ẹ máa gbọ́."

Ìyá Ahmad rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méje. Ó ní nọ́ọ̀sì yìí kò mọ̀ pé gbígbọ́ náà ló ń pa òun.

Ọgbà ìgbafẹ́ kékeré kan wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, létí odò tó ń ṣàn lọ sí Ọ̀ṣun. Àwọn àgbà àdúgbò ló gbìn ín nígbà kan: ọ̀pẹ mẹ́ta, màǹgórò, igi odán ńlá kan, àti bẹ́ńṣì oníṣímẹ́ǹtì márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Igbó ti bo ìdajì rẹ̀. Ibẹ̀ ni Ìyá Ahmad ń lọ lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ọjọ́ méje àkọ́kọ́, kò gbọ́ nǹkan kan ju ẹ̀rọ inú orí rẹ̀ lọ. Ó jókòó tìbínú-tìbínú bí ẹni tó ń dúró de ẹni tó bá a ṣe àdéhùn tí kò wá.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó pàdé mi lójú ọ̀nà, ojú rẹ̀ sì yàtọ̀.

"Tíṣà, àdàbà méjì ló wà nínú ọgbà yẹn. Ìkejì máa ń dúró kó tó dáhùn, bí ẹni tó ń ronú."

Mo ní, "Ẹ kú ìgbádùn etí." Lọ́kàn mi, mo ní ọ̀rọ̀ obìnrin yìí ti ń kọjá oògùn.

Ṣé ẹ rí i, etí tó ti fi ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ya ohùn sọ́tọ̀ nínú ariwo ẹ̀rọ, kò sí ohun tí kò lè rí yà sọ́tọ̀ nínú igbó. Kò pẹ́ tó fi mọ gbogbo wọn. Àwọn ẹ̀gà orí ọ̀pẹ ló máa ń pariwo jù, wọn á máa wíjọ́ títí oòrùn á fi wọ̀. Kọ̀ǹkọ̀ ló ń gbóhùn ńlá létí odò. Ìrẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ ewé gbígbẹ nígbà tí ojú ọjọ́ bá tutù. Omi náà ní ohùn méjì, ọ̀kan níbi òkúta, ọ̀kan lábẹ́ koríko. Ó ní òun á máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun á máa tẹ̀ lé èyí títí, òun á tún mú òmíràn, nígbà tí òun bá fi máa rántí ẹ̀rọ inú orí òun, yóò ti dákẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ẹran ara rẹ̀ padà. Àwọn ọmọ Poli tó ń múra ìdánwò rí i níbẹ̀, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá jókòó, àwa arúgbó náà tẹ̀ lé wọn. Ìyá Ahmad tó ń kanra tún di ẹni tó ń ṣàwàdà pẹ̀lú oníbàárà.

Nígbà tí ikú Teslim pé ọdún kan, inú ẹ̀ẹ̀rùn ni. Ìyá Ahmad fẹ́ ṣe sàráà fún un. Gbogbo wa ti ń ronú ìrẹsì. Ṣùgbọ́n ó lọ bá Alfa Najeem, ó ní òun ò fẹ́ se oúnjẹ tí wọ́n á jẹ tán lọ́jọ́ kan. Òun fẹ́ fi tún ọgbà tó wo òun sàn ṣe, kí ẹ̀san rẹ̀ máa lọ bá ọkọ òun. Alfa ní sàráà tó dára ni, ẹni tó bá mú ìdọ̀tí kúrò lójú ọ̀nà ènìyàn ti ṣe ìtọrẹ.

Bí a ti ń tún ibì kan ṣe lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó pe àwọn lébìrà láti Alajue, àwọn tó mọ ọkọ́ í lò. Wọ́n ro gbogbo koríko títí dé etí omi. Wọ́n gé igbó. Wọ́n fọ́n oògùn apakoríko sí ibi tó kù. Wọ́n fi ọ̀pá gígùn já ìtẹ́ ẹ̀gà kúrò lórí ọ̀pẹ, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ ń ba bẹ́ńṣì jẹ́. Ìyá Ahmad fúnra rẹ̀ ló gbá ewé gbígbẹ, ó gbá a títí ilẹ̀ pupa fi ń dán, ipa ìgbálẹ̀ sì tò lẹ́sẹẹsẹ lórí rẹ̀ bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Naimat, àbúrò ọkọ rẹ̀, fi omijé gbàdúrà fún un. Èmi náà la ẹnu, mo ní, "Ìyá Ahmad, ibí yìí ti dà bí ìlú òyìnbó!" Ẹ wo ẹnu mi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó lọ jókòó bí ìṣe rẹ̀. Ó dúró de àwọn ẹ̀gà. Ó dúró de kọ̀ǹkọ̀. Nǹkan kan kò ké. Ó padà lọ́jọ́ kẹta, ó lọ lọ́jọ́ kẹrin, ọkadà ojú títì nìkan ló ń gbọ́, nítorí igbó tó ń dá ariwo wọn dúró ti lọ. Nígbà tí ó di ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀rọ ti padà sínú orí rẹ̀, oorun sì ti lọ. Ó wá bá mi nílé, kò tilẹ̀ wo ẹsẹ̀ mi.

"Tíṣà, ọgbà yẹn ń yí lófo."

Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí. Mo rántí ọjọ́ tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń sunkún.

Àwọn agbọ́n ló gbà á là. Ẹ̀yìn tánkì fífọ́ kan wà ní kọ̀rọ̀ ọgbà tí àwọn lébìrà kò dé, nítorí agbọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sì sá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Ìyá Ahmad gbọ́ ìrẹ̀ kan ṣoṣo láti ibẹ̀. Ó fi etí wá a bó ṣe máa ń wá àléébù ẹ̀rọ, títí ó fi dé ẹ̀yìn tánkì. Koríko ga níbẹ̀. Ewé jíjẹrà nípọn nílẹ̀, ó tutù, ó sì ń rùn. Ó fi igi tú u díẹ̀: ọ̀pọ̀lọ́ kékeré kan fò jáde, ekòló ń rìn, kòkòrò oríṣiríṣi ń sá. Ó bò wọ́n padà jẹ́jẹ́.

"Tíṣà," ó ní nígbà tó dé, "ohun tí mo pè ní pàǹtí, ilé onílé ni. Mo gbá àwọn onílé jáde tán, mo wá jókòó síta, mò ń retí kí wọ́n kọrin fún mi."

Ohun tó wá ṣe lẹ́yìn náà ni àdúgbò kò tíì gbàgbé. Obìnrin tó ń lé wa nítorí ẹrẹ̀ ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ilé dé ilé láàárọ̀, ó ń tọrọ ewé tí wọ́n gbá. Ó ń kó o sínú àpò ìrẹsì, ó ń rù ú lọ sí ọgbà, ó sì ń dà á sílẹ̀ tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ gbá. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan ní kí ọmọ rẹ̀ Ahmad wá láti Ìbàdàn wá wo ìyá rẹ̀. Ojú ọ̀nà tó gba àárín ọgbà àti ìdí bẹ́ńṣì nìkan ló ń gbá, ó gbá wọn mọ́ tónítóní. Ìyókù, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀, koríko yọ. Ìrẹ̀ ló kọ́kọ́ padà. Lẹ́yìn òjò kẹta, kọ̀ǹkọ̀ gbóhùn. Àdàbà kan dé, ìkejì dé. Ẹ̀gà ló pẹ́ jù, bóyá wọ́n ṣì ń bínú, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di oṣù kẹfà, wọ́n ti tún ń kọ́lé, wọ́n ń pariwo, ìgbẹ́ wọn sì ń já lu bẹ́ńṣì. Ìyá Ahmad ń nù ún kúrò láìsọ̀rọ̀.

Ó ti ń sùn. Ìgbà yẹn ni ọjọ́ ìmọ́tótó àdúgbò dé.

Naimat ni olórí àwọn obìnrin tó ń ṣe ìmọ́tótó. Àgbà obìnrin ni, yàrá rẹ̀ ló sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kafilat ní agbo ilé. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé, Kafilat kì í pe orúkọ rẹ̀; Òpèlẹ́ńgẹ́ ló sọ ọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Naimat ti sanra báyìí tí orúkọ náà fi dà bí ẹ̀fẹ̀. Ó kó obìnrin bí ogún wá sí ọgbà lọ́jọ́ náà pẹ̀lú ìgbálẹ̀, àdá àti ọkọ́. Kafilat dúró sẹ́nu ọ̀nà. Èmi wà lórí bẹ́ńṣì, mo rí gbogbo rẹ̀.

"Ìyàwó, yà fún wa," Naimat ní. "A fẹ́ tún ibí ṣe."

"Òpèlẹ́ńgẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti gbá ojú ọ̀nà, mo ti gbá ìdí bẹ́ńṣì. Ẹ jẹ́ ká lọ kó gọ́tà, mo máa bá yín kó o. Ibi tó kù, ẹ bá mi fi sílẹ̀."

"Kí ejò lè wá máa gbébẹ̀?"

"Ìdí tí mo fi gbá ojú ọ̀nà nìyẹn, kí ẹni tó ń rìn lè rí ibi tó ń tẹ̀."

Naimat wo ewé tó nípọn nílẹ̀. Ó wo àpò pàǹtí tó wà lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ojú ń tì í níwájú àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀, mo rí i. Ó wá la ẹnu, ó ní, "Ó ti yé mi. Ọ̀bùn rí ikú ọkọ tìrọ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni o fi ń bojú ṣe ọ̀bùn."

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Ìyá Ahmad kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Kí wọ́n pè é lólè sàn jù. Mo ti dìde, mo fẹ́ lọ dá sí i, ṣùgbọ́n ó ti ń sọ̀rọ̀.

"Ọ̀rọ̀ yín dùn mí, Òpèlẹ́ńgẹ́, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ibí yìí mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni mo gbá a, mo fi ṣe sàráà ọkọ mi, ẹ sì gbàdúrà fún mi. Mi ò rí oorun sùn lẹ́yìn rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ọ̀bùn ni màá jẹ́ kí n tó lè sùn, ẹ máa pè mí bẹ́ẹ̀. Mo gbà."

Ó gbé àpò náà kalẹ̀. Ó sún mọ́ Naimat, ó rẹ ohùn sílẹ̀ débi pé èmi tí mo wà nítòsí nìkan ló tún gbọ́.

"Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wa. Láti ọjọ́ tí a ti sin ín ni mo ti ń gbọ́ sílípáàsì yín lóru. Ẹ̀ ń lọ, ẹ̀ ń bọ̀. Ẹ̀yin náà ò sùn."

Naimat bojú wo ìgbálẹ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ jókòó díẹ̀," ni Kafilat wí. "Bí ẹ bá jókòó tán tí ẹ ṣì fẹ́ gbá a, ìgbálẹ̀ tèmi ni màá fún yín."

Naimat yíjú sí àwọn obìnrin tó kù, ó ní kí wọ́n lọ bẹ̀rẹ̀ gọ́tà, òun ń bọ̀. Ó wá jókòó sórí bẹ́ńṣì kejì, ó gbé ìgbálẹ̀ lé ẹsẹ̀. Èmi ń díbọ́n pé ìwé ìròyìn ni mò ń kà. A gbọ́ àwọn ẹ̀gà. A gbọ́ omi. Ohùn kan wá ké lókè igi odán.

"Èwo nìyẹn?" Naimat béèrè, láìwo ẹnikẹ́ni.

"Àdàbà ni. Ẹ ní sùúrù, ìkejì á dá a lóhùn. Ó máa ń pẹ́."

Ó pẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó dáhùn, Naimat fi ìborùn bojú, ó bú sẹ́kún. Orúkọ Teslim ló ń pè. Kafilat lọ jókòó tì í, kò sọ pé kó má sunkún mọ́.

Wọn kò gbá ọgbà náà lọ́jọ́ yẹn, wọn kò sì tíì gbá a di òní. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, ìyàwó ilé àti ọmọ ilé ni wọ́n jọ ń sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀, Naimat á sì máa ráhùn nípa ìgbẹ́ ẹ̀gà títí wọ́n á fi jókòó.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbé ata lọ sí ẹ̀rọ. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ìyá Ahmad wo ẹsẹ̀ mi, mo padà lọ fọ̀ ọ́. Nígbà tí mo dé, ó ti ń lọ ata mi, ó kọ ẹ̀yìn sí ẹ̀rọ. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ báwo ni Òpèlẹ́ńgẹ́ wọn. Ó pa ẹ̀rọ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa.

"Tíṣà, òru márùn-ún rèé, mi ò gbọ́ sílípáàsì."